Àyẹ̀wò Tí Ó Yẹ Ilé Àtijọ́ Kí Ẹni Tí Ó Fẹ́ Rà Á Tó Sanwó

Ilẹ̀ ti wọ́n ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá, símẹ́ǹtì àti irin ti gbówó lórí, àwọn àdúgbò tuntun sì jìnnà sí ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń wá ilé fi máa ń yí ojú sí ilé àtijọ́ tí wọ́n ti kọ́ ní ogójì tàbí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ní àdúgbò tí ó ti fìdí múlẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní kan tí ilé tuntun kò ní, nítorí pé òjò ti rọ̀ lé e lórí lọ́pọ̀ ọdún, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti ru ẹrù rẹ̀ pẹ́, àwọn aládùúgbò sì ti mọ ìtàn rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí púpọ̀ nínú àléébù rẹ̀ ti fara hàn tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ta ilé náà mọ àwọn àléébù wọ̀nyí ju ẹnikẹ́ni lọ, garawa ọ̀dà díẹ̀ sì tó láti bo ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú ẹni tí ó fẹ́ rà á ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín àléébù tí owó lè wò sàn àti èyí tí owó kò lè ṣe nǹkan kan sí, nítorí pé ti àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìdúnàádúrà, ìkejì sì jẹ́ ìdí pàtàkì láti fi ilé náà sílẹ̀.

Bí àwọn àdúgbò náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Bódìjà ní Ìbàdàn jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, dá àjọ tí yóò máa pèsè ilé fún ará ìlú sílẹ̀, kò sì pẹ́ tí àjọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ́sítéètì Bódìjà, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n ti ya àwòrán títì, gọ́tà àti ojúlé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ ibẹ̀. Ní Èkó, ìjọba wó apá kan Ìsàlẹ̀ Èkó láti ọdún 1955 láti tún un ṣe, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lọ sí Súrùlérè. Fẹ́sítàkì náà dìde nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó wáyé ní ọdún 1977. Ohun tí ó pa àwọn àdúgbò wọ̀nyí pọ̀ ni pé títì wọn tọ́, ìjọba tàbí àjọ rẹ̀ ni ó sì fún onílé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tàbí ilé fún iye ọdún kan. Lónìí, ọ̀pọ̀ àwọn onílé àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ti di olóògbé, àwọn ọmọ wọn ti fọ́n ká ilé àti òkè òkun, ilé náà sì ti bọ́ sí ọjà.

Ilẹ̀ àti omi

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní wíwò ni ilẹ̀ tí ilé jókòó lé, nítorí pé òrùlé ṣeé pààrọ̀, wáyà iná sì ṣeé fà lọ́tun, ṣùgbọ́n kò sí bíríkìlà tí ó lè gbé ilé kúrò lójú ọ̀nà àgbàrá. Ìbàdàn ti rí ẹ̀kọ́ yìí kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún àkúnya, tí ó sì gbé ènìyàn, ilé àti ọkọ̀ lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni òjò àrọ̀ọ̀dá mìíràn tún fa omíyalé tí ó pa ènìyàn tí ó lé ní 100, tí ó sì gbé àwọn afárá lọ. Inú oṣù Kẹjọ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò máa ń sinmi, ni méjèèjì ti ṣẹlẹ̀, èyí sì fi hàn pé ẹni tí ó bá wo ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kò tíì wo nǹkan kan.

Bí ilé kan kò bá tilẹ̀ rí omíyalé rí fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ̀rí yẹn kò tó bí òkè odò bá ti yí padà. Ilẹ̀ tí ó jẹ́ oko tàbí igbó tẹ́lẹ̀ máa ń fa omi mu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kọ́ ilé síbẹ̀, tí wọ́n sì fi ẹ́ńtálọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré bo gbogbo àgbàlá, omi òjò kan náà yóò sáré wọ gọ́tà tí wọ́n gbẹ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ilé díẹ̀. Ohun mìíràn tí ó wọ́pọ̀ ní àdúgbò àtijọ́ ni pé gbogbo ìgbà tí ìjọba bá tún títì ṣe ni wọ́n máa ń da ọ̀dà mìíràn lé ti àtẹ̀yìnwá, títì á máa ga sí i, tí ilé tí ó wà lókè títì nígbà tí wọ́n kọ́ ọ yóò fi wá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu géètì, tí ó rí i pé òun ń sọ̀kalẹ̀ wọ inú àgbàlá, gbọ́dọ̀ béèrè ibi tí omi ń gbà jáde. Àmì mìíràn ni ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tí omi fi sára fẹ́ǹsì, ihò tí wọ́n lu sí ìdí fẹ́ǹsì kí omi lè kọjá, àti ògiri kékeré tí wọ́n mọ dí ẹnu ọ̀nà ilé, nítorí pé kò sí onílé tí yóò mọ ìdènà bẹ́ẹ̀ bí omi kò bá tíì wọlé bá a rí.

Ògiri, irin àti òrùlé

Ẹ̀yìn ilé ni ògiri ti máa ń sọ òótọ́, pàápàá ògiri ẹ̀yìn ilé ìdáná àti ti ilé ìwẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀dà tuntun kì í sábà dé. Bí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀, ó lè rí i pé láti ilẹ̀ dé nǹkan bí orúnkún, ọ̀dà ti wú, ó ti ń bó, lẹ́búlẹ́bú funfun bí iyọ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá sì fi èékánná ha á, símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri á máa dà sílẹ̀ bí iyanrìn. Omi tí bulọ́ọ̀kù ń fà gòkè láti inú ilẹ̀ ni ó fa èyí. Ó ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání, nígbà tí omi bá sì gbẹ, iyọ̀ á kù sára ògiri. Àwọn kọ́lékọ́lé tí ó mọṣẹ́ máa ń tẹ́ ọ̀rá líle sí àárín ìpìlẹ̀ àti ògiri láti dí omi yìí lọ́nà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ọ̀rá náà ti gbó tàbí kí ó má tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Bí ẹni tí ó ń ta ilé bá ti lẹ táìlì mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri ìta yíká, tí kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ibòmíràn, ó yẹ kí olùrà fura sí ohun tí táìlì náà bò.

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu tí ògiri là kì í ṣe oríṣi kan náà. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí tí ó wà lójú símẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri nìkan kò ní ewu púpọ̀, nítorí pé símẹ́ǹtì máa ń sún kì nígbà tí ó bá ń gbẹ. Èyí tí ó ń bani lẹ́rù ni èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tí ó sì dábùú lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé ojú ìsopọ̀ bulọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, tí ó hàn nínú ilé tí ó sì hàn níta, nítorí pé ìpìlẹ̀ apá kan ilé ti rì ju apá kejì lọ ni ó ń sọ. Ìbéèrè tí ó kàn ni bóyá ìrìn náà ti dúró tàbí ó ṣì ń lọ. Bí ìdọ̀tí, ọ̀dà àtijọ́ tàbí òwú aláǹtakùn bá wà nínú rẹ̀, ó ti pẹ́. Bí etí rẹ̀ bá mọ́ tí ó sì mú, tuntun ni. Ẹni tí ó bá ní àkókò lè fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ẹnu náà parí sí, kí ó wọn ìbú rẹ̀, kí ó kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì padà wá wò ó lẹ́yìn òjò ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, abẹ́ dẹ́kì ni kí ojú máa wò. Bí omi bá ti ráyè dé ọ̀dọ̀ irin inú kọnkéré, irin náà á dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba ààyè ju irin tí ó ti jáde wá lọ, nítorí náà á máa ti kọnkéré síta títí yóò fi já bọ́ ní èépá-èépá, tí irin á sì wà ní ìhòòhò. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí òpó tàbí sí bálíkónì, onímọ̀ ẹ̀rọ ìkọ́lé tí ó ní ìwé àṣẹ ni ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ lé e lórí, kì í ṣe bíríkìlà tí yóò fi símẹ́ǹtì tuntun lẹ̀ ẹ́. Kí olùrà tí ó ní lọ́kàn láti fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé ilé ilẹ̀ lórí tún mọ̀ pé ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ fún ilé ilẹ̀ kò ní agbára láti ru ìyẹn, àfi bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé wọ́n ti pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní ti òrùlé, ẹni tí ó bá gun àkàbà wọ inú àjà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì yóò rí ju ohun tí wíwo páànù láti ìsàlẹ̀ lè fi hàn án. Ipa ọ̀nà ikán, igi tí ó ń dún gbórógbóró bí wọ́n bá kàn án, àti ibi tí omi ti ya àwòrán sára pákó ni kí ó wá. Ohun kan tún wà tí ó jẹ́ ti ilé ìgbà yẹn ní pàtó: àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì, ìyẹn ohun onífọ́nrán tí wọ́n ń pò mọ́ símẹ́ǹtì láti fi ṣe síìlìn àti òrùlé eléérú tí ó wúwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé gbogbo oríṣi rẹ̀ ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́ láìfọ́, ewu rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n bí kápẹ́ńtà bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí ó fi òòlù fọ́ ọ, eruku rẹ̀ á wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà owó yíyọ rẹ̀ lọ́nà tí kò léwu gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò.

Iná, omi àti sọ̀kàwéè

Ilé tí wọ́n fa wáyà rẹ̀ ní ọdún 1965 ni wọ́n fà á fún gílóòbù, fáànù, rédíò àti àyọ́ọ̀nù, kì í ṣe fún ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́rin, fírísà àti ẹ̀rọ tí ń fa omi. Rọ́bà ara wáyà àtijọ́ máa ń gbẹ, ó sì máa ń sán, nínú ọ̀pọ̀ ilé sì ni kò ti sí wáyà tí ń gbé iná tí ó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀ kí ó má baà gbé ènìyàn. Bí ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dúdú nítorí ooru, kí olùrà ka owó wáyà tuntun mọ́ iye ilé. Páìpù irin àtijọ́ náà máa ń dípẹtà láti inú, omi tí ó bá kọ́kọ́ jáde láàárọ̀ á sì pọ́n bí ògùdù. Bí ó bá sì jẹ́ pé kànga ni ilé náà gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n wọn ibi tí sọ̀kàwéè wà, ti ilé náà àti ti aládùúgbò, nítorí pé ìlànà ìlera tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí mítà 30, ó kéré tán, wà láàárín kànga àti ibi tí ìgbẹ́ ń wọ ilẹ̀.

Ìwé ilé àti àwọn tí ó ni ilé

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà kí ó máa bá ará ìlú tọ́jú rẹ̀, ó sì sọ pé ẹni tí ó bá fẹ́ gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà. Àwọn kan rò pé èyí kò kan ẹni tí ó ti ní ilé kí òfin náà tó dé, ṣùgbọ́n ní ọdún 1989, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ó kàn án, nítorí náà ilé ọdún 1962 àti ilé ọdún 2012 kò yàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ọdún tí ó kù. Bí ìwé bá jẹ́ ti ọdún 99 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, yóò parí ní 2061, ẹni tí ó bá sì rà á ní 2025, ọdún 36 ni ó rà. Agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tí ìjọba ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ sí, àti lọ́dọ̀ àjọ tí ó ni ẹ́sítéètì, láti mọ̀ bóyá báńkì ti gba ilé náà dúró fún gbèsè, bóyá ẹjọ́ wà lórí rẹ̀, bóyá owó ilẹ̀ ọdọọdún ti di gbèsè. Awọnlẹ̀ náà yóò wá òpó sọ̀fé, yóò sì sọ bóyá fẹ́ǹsì tàbí bọ́ìsì-kọ́tà ti kọjá ààlà tàbí ti jókòó lé ilẹ̀ tí ìjọba gbà.

Ìwé lè pé kí ẹni tí ó ń ta ilé má sì ní ẹ̀tọ́ láti tà á, ibí yìí sì ni ilé àtijọ́ ti ń mú ọ̀pọ̀ olùrà. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, bí ẹni tí ó ni ilé bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ó sì jẹ́ pé ìlànà ìbílẹ̀ ni dúkìá rẹ̀ ń tẹ̀lé, ilé náà di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, àkọ́bí ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dáwódù sì sábà máa ń di olórí ẹbí. Pínpín rẹ̀ lè jẹ́ ní ìdí-igi, tí ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan yóò gba ìpín kan náà láìka iye wọn sí, tàbí ní orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba tirẹ̀. Nínú ẹjọ́ ogún láàárín àwọn tí orúkọ wọn ń jẹ́ Dáwódù àti Dánmọ́lé, tí ó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, ìdí-igi ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ó gbilẹ̀. Bí bàbá bá fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀, tí èkínní bí ọmọ kan, tí èkejì bí méjì, tí ẹ̀kẹta bí márùn-ún, ìdá mẹ́ta ni wọn yóò pín in sí, ọmọ kan ṣoṣo ti ìyá àkọ́kọ́ yóò sì gba ohun tí ọmọ márùn-ún jọ gbà.

Ohun tí èyí jẹ́ fún olùrà ni pé bí ọmọ kan bá ta ilé ẹbí láìsí olórí ẹbí, òfin ka títà náà sí òtúbáńtẹ́, bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí àwọn aṣáájú ìdí kọ̀ọ̀kan, àwọn ìyókù lè lọ sí kóòtù láti fagi lé e. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún, tàbí tí ó jẹ́ pé ìgbéyàwó kóòtù ni ó ṣe, ọ̀nà mìíràn ni ogún rẹ̀ lè gbà, àwọn tí kóòtù fún ní ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún ni ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà. Nítorí náà, kí olùrà béèrè ìgbà tí onílé kú, iye ìyàwó àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀, àti ibi tí olúkúlùkù wà, kí ó sì rí àwọn tí ó wà ní òkè òkun lójú fóònù, kì í ṣe orúkọ wọn lójú ìwé nìkan. Kí ó béèrè pẹ̀lú bóyá sàréè wà nínú àgbàlá, nítorí pé ẹbí lè máa retí àtimáa wọlé wá ṣe ìrántí bàbá wọn, àti bóyá ayálégbé ṣì wà níbẹ̀, nítorí pé títa ilé kò lé ayálégbé jáde, olùrà ni yóò fún un ní ìwé ìkìlọ̀ bí òfin ṣe là á kalẹ̀.

Àdúgbò

Àdúgbò tí wọ́n kọ́ fún ìdákẹ́jẹ́ lè ti di ọjà. Ní Bódìjà, ọ̀pọ̀ ilé etí títì ńlá ti di ilé oúnjẹ, báńkì, ṣọ́ọ̀bù tàbí gbọ̀ngàn àríyá, ariwo àti ọkọ̀ tí ó ń bá èyí rìn sì máa ń wọ inú títì kéékèèké lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá wo àdúgbò ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò mọ bí ó ti rí ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí òde ń lọ, tàbí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú. Kí ó tún béèrè iná: àwọn aláṣẹ ti pín ìlà iná sí ìpele márùn-ún, ti A ni ó gbọ́dọ̀ gba iná wákàtí 20 lójúmọ́, ti E sì gbọ́dọ̀ gba wákàtí mẹ́rin, iye tí wọ́n ń san sì yàtọ̀, nígbà tí wọ́n fi kún owó ìpele A ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ó di ₦225 fún ẹyọ kan. Títì kan lè wà ní ìpele A, kí èyí tí ó tẹ̀ lé e má sì sí níbẹ̀.

Àwọn aládùúgbò fúnra wọn tún ṣe pàtàkì. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ìbúgbàù ńlá kan ba ilé púpọ̀ jẹ́ ní Bódìjà Àtijọ́, ó sì gba ẹ̀mí. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn tí ń wa kùsà láìgbàṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ra ilé ní agbègbè náà lónìí gbọ́dọ̀ béèrè bí ìmìtìtì náà ṣe kan ilé tí ó fẹ́ rà, àti bóyá onímọ̀ kankan ti yẹ̀ ẹ́ wò láti ìgbà náà. Níbi gbogbo, ó yẹ kí olùrà mọ ẹni tí ń gbé ilé ọ̀tún, ti òsì àti ti ẹ̀yìn, ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àti bóyá ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ń ṣe ìpàdé. Màígààdì tí ó ti pẹ́ ní títì náà àti ìyá tí ń ta ọjà lẹ́nu géètì sábà máa ń sọ ohun tí ajẹ́ǹtì kò ní sọ.

Ìṣirò

Ètò tí ó dín ìnáwó kù ni kí olùrà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná an ju àkókò àti ìbéèrè lọ, ìyẹn wíwo ilẹ̀, ògiri àti àdúgbò ní oríṣiríṣi ìgbà, kí ó tó san owó agbẹjọ́rò àti awọnlẹ̀ fún àyẹ̀wò ìwé, kí ó tó wá san ti onímọ̀ ẹ̀rọ fún àyẹ̀wò ilé. Kò sí àsansílẹ̀ tí ó yẹ kí ó jáde kí ìwé tó mọ́, bí ajẹ́ǹtì tilẹ̀ ń pariwo pé ẹlòmíràn ti ń kówó bọ̀. Òrùlé, wáyà, páìpù, síìlìn àti ọ̀pọ̀ ògiri tí ó lanu ṣeé tún ṣe, owó àtúnṣe wọn ni kí olùrà yọ nínú iye tí onílé ń béèrè, kí ó sì ní ìwé oníṣẹ́ lọ́wọ́ láti fi ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀nà àgbàrá, ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà àti ẹbí tí kò fẹnu kò kò ní àtúnṣe tí owó lè rà, kò sì sí ẹ̀dínwó tí ó lè sọ wọ́n di ọjà gidi. Olùrà tí ó bá rí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí níbi ilé tí ó wù ú, kí ó pàdánù owó àyẹ̀wò, kí ó sì máa wá ilé mìíràn lọ, nítorí pé owó náà kéré sí ti ẹjọ́ ogún ọdún.